Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Wa Pa Mọ́

Ayára-bí-àṣá ni àwọn onímọ̀ èdè wa sọ kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ràn orúkọ náà nígbà tí mo kọ́kọ́ bá a pàdé ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí èyí tó wà nílé wa ní Ẹ̀pẹ́ yóò mọ̀ pé àṣá tiwa ti darúgbó. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Màámi á ti po ògì tán, wọ́n á ti bù ú sínú abọ́, kí ojú rẹ̀ tó mọ́lẹ̀. Tòkunbọ̀ ni. Bàbá mi rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà lọ́dún 2013, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n gbé e sórí tábìlì ní igun pálọ̀, wọ́n da aṣọ funfun bò ó bí ẹni bo oúnjẹ àlejò, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.

Háàdì dísìkì rẹ̀ kò ju gígábáìtì 160 lọ. Windows 7 ló ń lò, èyí tí Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹyìn ọ̀fẹ́ fún láti ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Láti ìgbà náà, ihò tí olè bá rí lára ògiri rẹ̀, kò sí bíríkìlà tí yóò wá dí i. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìlà tó ń fi àyè tó ṣẹ́kù hàn ti pupa fòò. Mégábáìtì 312 péré ló kù.

N kì bá tí bìkítà bí kì í bá ṣe ti Ìyá Àgbà.

Lọ́dún 2019, nígbà tí mò ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo fi gba oyè ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ wọn ni mo jókòó sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹja ni wọ́n tà jẹun ní Ọjà Olúwo láti ìgbà èwe wọn títí eékún fi kọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú wọn lẹ́bàá ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ka orúkọ ẹja inú ọ̀sà fún mi: àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, àti àwọn mìíràn tí n kò rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Wọ́n sọ bí àwọn baba ńlá wọn ṣe bá Kòsọ́kọ́ wá sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851, ìtàn tí àwa Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń ṣe ọdún Káyòkáyò títí dòní. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í sọ ọ́ bí ìwé ṣe sọ ọ́. Ọba àti ọkọ̀ ogun ló wà nínú ti ìwé. Nínú tiwọn, obìnrin kan ló jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ lé itan, wọ́n ní kó jù ú sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ó ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ju òun. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ki àwa ọmọ ọmọ wọn lóríkì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa mẹ́rìnlá.

Gbogbo rẹ̀ lé ní wákàtí mẹ́jọ. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n gbà á sílẹ̀ ní WAV, nítorí kò ní bu ohùn kù rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi mégábáìtì mẹ́wàá.

Ìyá Àgbà papò dà lọ́dún tó kọjá. Bí àdúrà ọdún kan ṣe ń sún mọ́lé, Bàbá sọ fún gbogbo ẹbí pé wọn yóò gbọ́ ohùn ìyá àwọn lọ́jọ́ náà. Wọn kò bi mí kí wọ́n tó sọ ọ́. Ta ni wọn ì bá bi? Ọmọ tó kàwé Yorùbá ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni. Inú kọ̀ǹpútà ilé ni mo kọ́kọ́ kó o sí. Nígbà tí àyè há ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo kó o kúrò níbẹ̀ lọ sínú fíláàṣì gígábáìtì mẹ́jọ kan, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Kíkó ni mo kó o. N kò ṣe àdàkọ rẹ̀. Fíláàṣì yìí kan náà ni èmi àti àbúrò mi ń mú lọ sí ilé ìtẹ̀wé nígbà tí a bá fẹ́ tẹ fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ bí ó ṣe ń rí: ogún ènìyàn a ti ki fíláàṣì tiwọn bọ ojú ihò kan náà kí ó tó kàn yín.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí àdúrà pé ni mo ki fíláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà. Mo rí àwọn fódà mi, orúkọ wọn pé, ṣùgbọ́n ọfà kékeré kan wà ní igun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo tẹ èyí tí mo pè ní "Ìyá Àgbà". Kò ṣí. Mo tún un tẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́, ó dúró gbagidi, ó sì sọ fún mi pé àyè ti tán.

Bàbá ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọlúàbí ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi áńtífáírọ́ọ̀sì tó mú wá yẹ fíláàṣì wò, ẹ̀rọ náà pa gbogbo nǹkan tó ní ọfà lára, nígbà tí ó sì ṣí fíláàṣì náà padà, òfìfo ni a rí.

Ó ní, "Àǹtí, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́ tán. Kọ̀ǹpútà yìí gan-an ti kó o. Ohun tó dáa jù ni ká fọ́máàtì méjèèjì, kí n tún Windows fi síbẹ̀ lákọ̀tun."

Bàbá ní, "Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ọmọ mi. Kí ló wà níbẹ̀ tí à ń tọ́jú?"

Ẹnu mi wúwo. Ohun tí Bàbá rò ni pé kọ̀ǹpútà nìkan ni à ń sọ, pé ohùn ìyá wọn wà níbì kan tó dájú, bóyá ní yunifásítì, bóyá nínú fóònù mi. Mo sáà ní kí ó jẹ́ kó di ọ̀la, mo ní orí ń fọ́ mi. Orí kò fọ́ mi.

Iná dé ní bí aago mọ́kànlá òru. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. N kò ní ohun tí mò ń wá. Mo kàn tẹ Properties lórí fíláàṣì náà kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Ó ní gígábáìtì márùn-ún ó lé díẹ̀ ni a ti lò.

Mo wò ó títí. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, ta ló sùn sórí gbogbo bẹ́ẹ̀dì?

Ohun tí mo kọ́ láàárín òru yẹn nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i, torí ilé tí irú fáírọ́ọ̀sì yìí kò tíì wọ̀ nílẹ̀ wa kò pọ̀. Kì í jẹ fáìlì. Bí ó bá ti wọ fíláàṣì, yóò fi àmì sára àwọn fódà yín pé ohun ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n, ohun tó jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀, kí ojú má baà rí wọn. Lẹ́yìn náà, yóò ṣe ọ̀nà àbùjá kan fún fódà kọ̀ọ̀kan, yóò fún un lórúkọ fódà náà. Ẹ óò tẹ àbùjá. Àbùjá yóò kọ́kọ́ jí fáírọ́ọ̀sì náà dìde, yóò wá ṣí fódà fún yín lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ má baà fura. Ara kọ̀ǹpútà tèmi ti le jù láti ṣe apá kejì yẹn ni àṣírí fi tú. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni fáírọ́ọ̀sì kan jáde láti ilẹ̀ Philippines, ó ń wá sínú ímeèlì àwọn ènìyàn bí ìwé ìfẹ́, ó sì gba àgbáyé kan. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Ti ọ̀hún lo ìfẹ́. Tiwa lo orúkọ Ìyá Àgbà.

Nígbà tí áńtífáírọ́ọ̀sì wá pa àwọn àbùjá, ẹ̀dà ẹlẹ́tàn ló pa. Àwọn fódà tòótọ́ kò kúrò lójú kan. Fáírọ́ọ̀sì náà kò pa wọ́n rẹ́, ó pa wọ́n mọ́ ni. Mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ èdè yìí ní yunifásítì, n kò sì tíì ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ẹni tó fẹ́ kí nǹkan má sọnù a pa á mọ́. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i náà a pa á mọ́. Èmi náà pa ohùn wọn mọ́ sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún méjì. Nínú ogún ọmọ àti ọmọ ọmọ tó ń sọ pé àárò wọn ń sọ òun, ta ló tíì gbọ́ ọ?

Bí mo ṣe fẹ́ kó o jáde ni wàhálà kejì yọjú. Ibo ni mo fẹ́ kó gígábáìtì márùn-ún sí nínú kọ̀ǹpútà tí kò ní ju mégábáìtì 312 lọ? Kódà, kò sí àyè tí n óò fi gbé áńtífáírọ́ọ̀sì tuntun sí. Mo ní láti gbálẹ̀ kí àlejò tó lè wọlé.

Apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni mo kọ́kọ́ ṣí. Gígábáìtì mọ́kànlá! Fíìmù tí àbúrò mi ti "pa rẹ́" láti ìgbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló kún ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó yẹ kí èèyàn da apẹ̀rẹ̀ nù. Mo dà á nù. Mo lọ sí Temp, níbi tí àwọn ètò ń kó àjẹkù wọn sí, mo gbá gígábáìtì mẹ́fà kúrò. Mo tẹ powercfg -h off, èyí tó mú fáìlì ìfoorun kọ̀ǹpútà kúrò, gígábáìtì kan àti ààbọ̀. Mo bá ètò kan pàdé tó ń pe ara rẹ̀ ní afọ-kọ̀ǹpútà. Àbúrò mi ló gbà á nígbà tí ìkìlọ̀ kan fò sójú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kọ̀ǹpútà wa ní àṣìṣe ẹgbẹ̀rún kan ó lé. Ètò ọ̀hún gan-an ló ń da ìpolówó bolẹ̀. Ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn ìmọ́tótó lọ́wọ́ ẹni tó ń ju ìdọ̀tí wọlé yín láti ojú fèrèsé.

Lẹ́yìn náà ni mo dé fódà Bàbá. Fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, gígábáìtì mẹ́rin-mẹ́rin. Ọ̀kan ń jẹ́ "ÌGBÉYÀWÓ". Ìkejì, "ÌGBÉYÀWÓ 2". Ìkẹta, "ÌGBÉYÀWÓ TÒÓTỌ́". Ìkẹrin, "ÌGBÉYÀWÓ TÒÓTỌ́ Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN". Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dun mí. Àgbàlagbà tí kò mọ orúkọ dírẹ́fù kan yàtọ̀ sí èkejì mọ ohun tí èmi kò mọ̀, pé ohun tí èèyàn fẹ́ràn kì í ṣe ẹyọ kan. N kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn.

Nígbà tí àyè wá gbà mí, mo ṣí Task Manager, mo dá wscript.exe dúró, ẹ̀rọ tí fáírọ́ọ̀sì náà gùn lẹ́ṣin. Mo wọ msconfig, mo yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń bá kọ̀ǹpútà jí. Mo wá jẹ́ kí áńtífáírọ́ọ̀sì tuntun yẹ gbogbo ilé wò. Bí èèyàn kò bá kọ́kọ́ ṣe èyí, bó ṣe ń tú fáìlì sílẹ̀ ni wọn yóò tún máa dè é. Ó di àsùbáà kó tó parí.

Bàbá kírun tán, wọ́n jókòó sórí àga wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ohùn Ìyá Àgbà kò ní èjì. Inú fíláàṣì yẹn ló wà."

Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Nígbà tí mo ní kí ọmọ yẹn pa á rẹ́ lánàá, kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

"Ojú ló tì mí, Bàbá."

"Ìtìjú rẹ ni ì bá pa ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì."

N kò ní èsì. Wọ́n dìde, mo rò pé wọ́n fẹ́ jáde síta, àṣé àga ni wọ́n lọ gbé. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mi níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n wọ awò ojú wọn. Mo ṣí Command Prompt, mo tẹ àṣẹ náà, wọ́n sì ń kà á tẹ̀lé mi lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò:

attrib -h -r -s /s /d F:\*.*

F ni lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà wa fún fíláàṣì náà. Tiyín lè yàtọ̀. Mo tẹ Enter. Iná ara fíláàṣì bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi méjì, mo ṣí i, fódà náà wà níbẹ̀, kò ní ọfà lára.

Fáìlì méjì kọ̀ láti ṣí. Bóyá ọjọ́ tí ẹnìkan nínú wa já fíláàṣì yọ láìdúró ni wọ́n ti bàjẹ́. Ọ̀kan jẹ́ oríkì àbúrò mi, èyí tí mo ti tẹ̀ sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ní ọ̀rọ̀ kíkọ, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì ni orúkọ ẹja. Èyí, n kò kọ ọ́ síbìkankan.

Bàbá ní kí n tẹ èyí tó wà lókè pátápátá. Iná ààrò kọ́kọ́ ta pàrà-pàrà. Lẹ́yìn náà, ohùn wọn dé, ó sún mọ́ wa jù bí mo ṣe rò lọ: "Ṣé nǹkan tí o gbé sílẹ̀ yẹn ń gbọ́ mi?" Bàbá dáhùn pé, "Ó ń gbọ́ yín, Ìyá," kí wọ́n tó rántí ibi tí wọ́n wà.

A ṣe àdàkọ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta ní ọjọ́ yẹn, ọ̀kan sínú Google Drive, ọ̀kan sínú háàdì dísìkì àgbéká tí ẹ̀gbọ́n mi rà, ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà arúgbó náà. Bàbá ló fún tinú kọ̀ǹpútà lórúkọ. Ẹ̀yin náà lè fọkàn rò ó. Lọ́jọ́ àdúrà, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà jẹun tán, àwọn ẹbí gbọ́ ìtàn obìnrin tó gbé ìkòkò lé itan, àwọn àǹtí mi sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ibi tí ìkòkò náà wọlẹ̀ sí. Ẹnì kan ní òun fi ojú ara òun rí i rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú ìwé àti bírò lọ sí Ọjà Olúwo. Mo wá àwọn ẹgbẹ́ Ìyá Àgbà kàn, méjì péré ni wọ́n kù tó ṣì ń ta ọjà. Mo ti rí orúkọ ẹja mẹ́ta gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní ẹ̀kẹrin wà lórí ahọ́n àwọn, kí n kọ́kọ́ ra àrọ̀.