Okùn Ni, Kì Í Ṣe Ojú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo fi ń tẹ ìdánwò nílé ṣàdédé yíwọ́: gbogbo ibi tí ó yẹ kí ó funfun lójú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè. Alátùn-únṣe ní kí n ra ojú tuntun. Owó ilé-ìwé ọmọ wa ni mo fẹ́ fi rà á, kí ìyàwó mi tó ní, “Baálé mi, ẹ kọ́kọ́ wo okùn rẹ̀ ná.”

Mo pa iná, mo tú okùn VGA. Abẹ́rẹ́ kẹta ẹnu rẹ̀, tí ń gbé àwọ̀ búlúù, ti wọ́. Ìmọ́lẹ̀ pupa àti ti àwọ̀ ewé nìkan ló ń kọjá. Bí àwọn méjèèjì bá sì pàdé, ìyeyè ni wọ́n ń dà. Mo fi ẹ̀mú tín-ín-rín rọra nà án. Ojú tún funfun báláú, owó ọmọ kò sì jáde.

Ẹ yẹ okùn wò kí ẹ tó dá ojú lẹ́bi.