Ohùn Tí Ó Já ní Ìkẹ́nnẹ́

Láti Ṣágámù ni èmi àti ìyá mi ti wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, kí a lè rí ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wà ní etí ìyá mi méjèèjì. Bluetooth ni ó ń gbé ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti inú fóònù wọ ibẹ̀. Wọ́n gbàgbé fóònù sínú ọkọ̀. Bí a ti ń súnmọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà, ohùn já.

“Ó pa fóònù mọ́ mi létí!” Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì.

Fóònù ni ó ń bá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀. Bluetooth kì í sábà kọjá nǹkan bí mítà 10, ògiri àti ara ènìyàn sì tún ń dín in kù. Mo sáré gbé fóònù wá, wọ́n ká a mọ́ etí ìró bí owó ọjà.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń pè: “Mọ́mì? Mọ́mì?”