Ọjọ́ tí Ilẹ̀ Mì ní Accra, àti Ilé Bàbá Mi ní Ìkòsí

Ní Ìkòsí tí wọ́n bí mi sí, ilé wa a máa mì lóru. Bí agogo méjì òru bá ti lù, àwọn tírélà tó kó tòmátò, àlùbọ́sà àti ata láti Òkè Ọya á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà Mile 12. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kó sí kòtò ojú títì, fèrèsé yàrá wa á dún, ibùsùn á sì gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ẹnikẹ́ni kì í jí. Orin ìrẹmọlẹ́kún wa ni tírélà jẹ́.

Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ 24, oṣù Òkúdù, ọdún 2020, nígbà tí ibùsùn gbọ̀n lábẹ́ mi ní Dansoman, ní ìlú Accra, mo kàn yíra padà ni. Oorun ti ń gbé mi lọ kí n tó rántí pé n kò sí ní Ìkòsí. Mile 12 kò sí nítòsí, àdúgbò tí mo wà kò sì ní títì tí tírélà lè gbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fẹ́ lò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n ń ta aṣọ níbẹ̀. Màmá Accra ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àrùn Kòrónà dé, ìjọba Gánà ti ẹnubodè ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọ̀sẹ̀ méjì sì di nǹkan bí oṣù mẹ́fà.

Ìgbà kejì tí ilẹ̀ mì ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Gbígbọ̀n ti tírélà máa ń ti ọ̀nà wá ni, á sún mọ́ ọ, á sì kọjá lọ. Eléyìí ti ìsàlẹ̀ wá, bí ẹni pé ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ilé tó fẹ́ fi ẹ̀yìn gbé e sókè. Àwo tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ń kan ara wọn. Màmá Accra já jáde nínú yàrá wọn pẹ̀lú ìró àyà: “Jésù! Ẹ jáde! Ẹ gbé ọmọ!” Mo gbé ọmọ-ọmọ wọn, a sì sáré gba orí àtẹ̀gùn bọ́ sí àgbàlá láìwọ bàtà. Ibẹ̀ la wà tí ilẹ̀ fi mì lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ìta la sùn mọ́jú. Nítorí àrùn Kòrónà, ará àdúgbò kọ́kọ́ fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn, ẹlòmíràn tilẹ̀ ti wá ìbòmú wọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wa ti dì mọ́ra wa sórí ẹní kan náà. Mo rántí àdúrà tí a máa ń gbà fún ọlọ́jọ́ ìbí àti ìyàwó tuntun nílé wa: “Mìmì kan kò ní mì ọ́.” Mo ti ṣe àmín sí i títí, n kò sì fìgbà kankan rò pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè mì.

Bàbá kan wà ní ojúlé kejì sí tiwa. Màmá Accra ń pè wọ́n ní Bàbá Mushin, nítorí pé ní Mushin ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà títí di ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà lọ. Wọ́n gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọ̀rẹ́ mi kan lọ. Bí ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n mú mi yí àdúgbò ká. Lára ilé kan, ògiri ti sán láti igun fèrèsé lọ sókè ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Lára ilé tí à ń gbé, bí wọ́n ti tanná wò ó tó, wọn kò rí nǹkan kan.

Mo bi wọ́n ní ohun tó fa ìyàtọ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ kì í sábà pa èèyàn, ilé ni ń pa á. Wọ́n ní ìyá àwọn ti rí i rí, ní ọjọ́ 22, oṣù Òkúdù, ọdún 1939, nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ tó lágbára tó ìwọ̀n 6.5 mi Accra, tó wó ilé lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ènìyàn tó lé ní 15 sì bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá la ọ̀rọ̀ ilé yé mi.

Wọ́n ní kọnkéré lágbára láti gbé ẹrù, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló máa ń dá. Irin inú rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń so méjèèjì pọ̀. Àwọn irin tó nàró nínú òpó, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pílà, dà bí òṣùṣù ọwọ̀. Ríǹgì tí a fi yí wọn ká sì dà bí okùn tí a fi di ọwọ̀ náà. Bí ríǹgì bá jìnnà síra, bí ilé bá ti mì, irin á yà sí ọ̀tún sí òsì, kọnkéré á sì tú jáde láàárín wọn. Ibi tí òpó ti pàdé bíìmù ni ìjà ti ń le jù. Ibẹ̀ ló yẹ kí ríǹgì ti sún mọ́ra jù lọ, kí a sì ká orí rẹ̀ wọnú kọnkéré kó má baà ṣí. Ó tún yẹ kí òpó lágbára ju bíìmù tó wà lórí rẹ̀ lọ. Bí bíìmù kan bá tẹ̀, ilé ṣì lè dúró kí àwọn ará ilé fi ráyè jáde. Bí òpó bá dá, àjà á kàn jókòó lé àjà ni.

“Ilé tó dára,” ni Bàbá Mushin wí, “kì í ṣe èyí tí kò mì. Òun ni èyí tó mì tí kò wó.”

Kí a tó pínyà, wọ́n bá wa wí pé a sáré gba orí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá ń mì, kí á bẹ́ sábẹ́ tábìlì tó lágbára, kí á fi ọwọ́ bo orí, kí á di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Ìgbà tó bá dáwọ́ dúró ni kí á tó jáde lọ sí gbangba, jìnnà sí ògiri àti wáyà iná.

Mo padà sí Ìkòsí ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún náà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Olùkọ́ ni wọ́n. Ilé wa jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan tí wọ́n kọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 1991. Wọ́n fẹ́ fi àjà kan sí i lórí, kí wọ́n sì wó ògiri iwájú nísàlẹ̀ kó lè di ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Owó ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò fi rán àbúrò mi lọ sí yunifásítì. Bíríkìlà ti wá wọn ilé. Wọ́n ti ra irin.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ní ọjọ́ 6, oṣù Èrèlé, ni ìmìtìtì ilẹ̀ tó tó ìwọ̀n 7.8 ṣẹlẹ̀ ní Tọ́kì àti Síríà. Ó lé ní 50,000 ènìyàn tó kú. Mo ń wo àwòrán àwọn ilé tí àjà wọn tò léra bí ìwé, mo sì ń gbọ́ tí àwọn onímọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí wọ́n ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù. Bí òkè bá le tí ìsàlẹ̀ sì jẹ́ kìkì òpó tínínrín, ìsàlẹ̀ náà ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀. Mo gbé fóònù lọ bá bàbá mi.

“Ọmọ yìí,” ni wọ́n wí, “Èkó nìyí. Ilẹ̀ Èkó kì í mì. Omi ni wàhálà tiwa.”

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí odò Ògùn bá kún, Agílítì àti àyíká Mile 12 ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, dá sí i láti ìdí iná. Wọ́n ní àwọn kò tíì lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù Agẹmọ, ọdún 1984, tí ìyá àwọn sì sá jáde pẹ̀lú ọmọ orogún wọn lẹ́yìn. Mo fi kún un pé ní ọdún 2009 ilẹ̀ mì ní Allada, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára ní Abẹ́òkúta; pé ní ọdún 2018 ó mì ní Mpape, ní Àbújá. Kò sí èyí tó lágbára tó ti Tọ́kì. A jìnnà sí ibi tí àwọn awẹ́ ilẹ̀ ayé ti ń fara gbo ara wọn. Ṣùgbọ́n ojú sísán àtijọ́ wà nínú àpáta wa, irú èyí tó gba Ifẹ̀wàrà kọjá lọ sí Zungeru, ó sì lè mira nígbà mìíràn.

Bàbá mi kò dáhùn. Nígbà náà ni mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an. Mo ní ilé ìwé tó wó ní Ìta Fàájì ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2019, ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní oṣù Bélú ọdún 2021 tó pa ènìyàn tó lé ní 40, ilẹ̀ kò mì lọ́jọ́ méjèèjì. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Wọ́n gbà kí ẹnjiníà wá wò ó, kì í ṣe nítorí pé mo borí, bí kò ṣe nítorí pé ìyá mi ní àwọn kò ní gun òkè náà láé. Ẹnjiníà fi òòlù tí wọ́n fi ń wọn agbára kọnkéré lu òpó kọ̀ọ̀kan. Ó gbẹ́ ara ọ̀kan, ó rí i pé láti ríǹgì kan sí èkejì ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ó wú ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀. Kò tíì wú u dé orúnkún tí omi fi yọ. Ó ṣàlàyé pé yanrìn tó mumi, bí ó bá mì dáadáa, lè di bí ẹ̀kọ gbígbóná, tí ilé á sì máa rì sínú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ilé yìí ń gbé ìwọ̀n tó lè gbé. Ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ má sì ṣí iwájú rẹ̀.”

A ta irin náà ní àdánù. Àbúrò mi lo ọdún kan sí i nílé kí a tó rí owó ilé ìwé kó jọ, òun àti èmi kò sì rẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ilé kan wà ní àdúgbò kejì tí wọ́n fi àjà kẹta lé lọ́dún yẹn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá ń kọjá, bàbá mi á wò ó, wọ́n á ní, “Ilé wọn ṣì dúró.” N kì í rí èsì fọ̀. Ilé tí kò wó kì í jẹ́rìí fún ẹni tó dènà wíwó rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń wá ilé káàkiri Kétu, Alápẹ́rẹ̀ àti Ọ̀jọ́ta, a máa ń bèèrè omi àti iná kí a tó sanwó. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n fi àjà kún ilé lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ọ tán. Ẹ wo ìdí òpó bóyá irin ti ń yọjú. Ẹ wo igun fèrèsé bóyá ògiri ti sán ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn tó ń pa dé dáadáa lánàá kò bá pa dé mọ́ lónìí, ẹ má pe káfíńtà nìkan. Ẹ pe ẹnjiníà.

Ní òru àná, tírélà kan kó sí kòtò. Fèrèsé dún, ibùsùn gbọ̀n, mo sì jí, nítorí láti ìgbà Accra ni mo ti ń jí. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti yàrá kejì. N kò mọ̀ pé àwọn náà ti ń jí.

“Tírélà ni,” ni wọ́n wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”