Ṣé Ọlọ́pàá Jámánì Máa Wá sí Yábàá Ni?

Àwa tí a ń kọ áàpù ní Nàìjíríà, òfin ìlú tí a ò dé rí ti dé ọ̀dọ̀ wa. GDPR, òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ara ẹni ní Yúróòpù, ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Abala kẹta rẹ̀ sọ pé tí a bá ń ta ọjà tàbí iṣẹ́ fún ẹni tó wà ní Yúróòpù, tàbí tí a ń ṣọ́ ìrìn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin náà mú wa, ibi yòówù ká wà. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 20 mílíọ̀nù yúrò, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ilé-iṣẹ́ ńlá.

Orí ìwé nìyẹn o. Ta ló máa wá gba owó náà?

Ẹ wo Clearview AI, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó kó àìmọye bílíọ̀nù fọ́tò ojú èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì gba àṣẹ. Lọ́dún 2022, Ítálì, Gíríìsì àti Faransé bu 20 mílíọ̀nù yúrò lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ò ní ọ́fíìsì ní Yúróòpù, pé òfin wọn ò kan òun. Ti Meta yàtọ̀. Nígbà tí Ireland bu 1.2 bílíọ̀nù yúrò lé e lọ́dún 2023, ó gba kóòtù lọ ni, kò lè ní òun ò sí ńlẹ̀: Dublin ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ fún Yúróòpù wà. Ibi tí èèyàn bá ti ní ohun tó lè pàdánù ni ọwọ́ òfin ti ń tó o.

Àwa mẹ́ta tí a jọ ń ṣe áàpù kékeré kan fún àwọn alájọ ò ní kọ́bọ̀ ní Yúróòpù. Oníbàárà wa kan tó ń gbé ní Jámánì, tó ń bá àwọn ẹbí rẹ̀ nílé dá àjọ, kọ ímeèlì sí wa pé ká pa gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa òun rẹ́. Ọ̀kan nínú wa bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ọlọ́pàá Jámánì máa wá sí Yábàá ni?"

Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó máa wá. Iṣẹ́ ọ̀hún ò sì rọrùn, torí owó tó ti dá wà nínú ìṣirò gbogbo ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n Nàìjíríà náà ní irú òfin yìí láti ọdún 2023, ó sì mú àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó ń lo ìwífún ẹni tó wà níbí. Nígbà tí àjọ FCCPC bu 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lọ́dún 2024 lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp, ṣebí inú wa dùn, a pín ìròyìn náà kiri. Ẹnu wo la wá fẹ́ fi sọ fún ará Jámánì pé òfin tiẹ̀ ò dé ibí? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ohun tí a fẹ́ kí California ṣe fún wa ni ẹni yẹn ń bẹ̀ wá fún.

Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. A yọ orúkọ, fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. A fi iye owó sílẹ̀ kí ìṣirò àwọn yòókù má bàa dàrú. Bọ́tìnì kan ti wà fún un báyìí nínú áàpù náà. Ará Jámánì lè tẹ̀ ẹ́, ará Ìbàdàn lè tẹ̀ ẹ́. A ò bi wọ́n pé òfin ìlú wo ló rán wọn.