Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé Ìgbanisíṣẹ́

Ní Kétu àti Ìkòsí, bí ọmọ bá gboyè ọ̀mọ̀wé tán, tí yunifásítì òkè òkun sì pè é wá ṣe ìwádìí fún ọdún méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní postdoc, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ilé ń bèèrè ni iye owó tí wọn yóò máa san. Ìbéèrè náà kò burú. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù ú lọ ni orúkọ tí ìwé náà pe ọmọ ọ̀hún: ṣé òṣìṣẹ́ ni, àbí ẹni tí wọ́n fún ní owó ìrànwọ́?

Àwọn ará ọjà Mile 12 yóò tètè lóye ìyàtọ̀ yìí. Owó tí alábàárù gbà lórí ẹrù tòmátì, tirẹ̀ ni pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ́ lọ́la, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹni tó ń dá àjọ mọ̀ pé ohun kan ń bẹ lọ́wọ́ alájọ.

Ní Jámánì, bí yunifásítì bá gba olùwádìí síṣẹ́, wọn a máa yọ lára owó oṣù rẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì, fún ìlera, àti fún ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́. Yunifásítì náà a sì dá tirẹ̀ sí i. Ẹni tó gba owó ìrànwọ́ Àjọ Alexander von Humboldt kì í ṣe òṣìṣẹ́. Kì í san owó orí níbẹ̀ lórí owó náà, ṣùgbọ́n kò sí ìfẹ̀yìntì tí ń ti inú rẹ̀ jọ fún un. Ọlá ńlá ni, àwọn ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà sì ti jẹ ẹ́. Bóyá ọlá náà gan-an ni kì í jẹ́ kí ènìyàn bèèrè ìyókù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kìn-ín-ní 2024, òṣìṣẹ́ yunifásítì tó wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì USS ń dá ìdá 6.1 nínú 100 owó oṣù rẹ̀. Yunifásítì ń dá 14.5. Ẹni tó bá kúrò nínú ètò náà kí owó tí yóò fi ránṣẹ́ sílé lè pọ̀ sí i, 14.5 yẹn náà ni ó ń fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé. Òfin ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, ní iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iléèwé aládàáni wà lára wọn. Olùkọ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ lóṣooṣù láìní ìwé kankan, inú òfin yìí ni ó wà bí iye wọn bá ti pé.