Adágún Tí Irin Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ẹ̀gbọ́n: Ṣé o rí Kùmásí ní Gánà, níbi tí ìjọba ti lé bàbá wa wálé ní 1969?

Àbúrò: Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ Bosomtwe, adágún tó wà nítòsí ibẹ̀, ló yà mí lẹ́nu. Apẹja ibẹ̀ kì í wọ ọkọ̀! Pátákó gbọọrọ kan, padua ni wọ́n ń pè é, ni kálukú ń jókòó lé, ọwọ́ ni wọ́n sì sábà fi ń tù ú. Àwọn Àṣáńtì ní irin ò gbọdọ̀ kan omi náà, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn àwọn òkú ti ń dágbére fún òrìṣà wọn.

Ẹ̀gbọ́n: Èèwọ̀ gidi nìyẹn. Inú mi dùn sí wọn.

Àbúrò: Ní 2004, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 290 mítà.

Ẹ̀gbọ́n: Ẹ̀rọ onírin? Lórí omi yẹn? Wọn ò nítìjú!

Àbúrò: Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná.

Ẹ̀gbọ́n: Láti kékeré lo ti máa ń gbè sẹ́yìn àlejò!

Àbúrò: Omi ò ṣàn jáde nínú adágún yẹn. Òjò ló ń kún un, oòrùn ló ń fà á gbẹ. Ọdọọdún ni ẹrẹ̀ tuntun ń balẹ̀, ó sì ń fi bí òjò ṣe rọ̀ hàn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Timothy Shanahan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ẹrẹ̀ náà sẹ́yìn dé nǹkan bíi 3,000 ọdún, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2009. Ọ̀dá kan bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 1400, kò tán títí di nǹkan bíi 1750.

Ẹ̀gbọ́n: Ọ̀dá ọdún 350! Ti 1973, tó pa màlúù lọ bẹẹrẹ lókè Sàhẹ́lì ńkọ́?

Àbúrò: Kékeré nìyẹn. Igi ńláńlá ṣì dúró nínú omi náà dòní. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti hù nígbà tí omi fà.

Ẹ̀gbọ́n: Dúró ná. Àárín ìgbà yẹn mà ni Aláàfin Ọ̀yọ́ fi Ìgbòho, ìlú wa, ṣe olú ìlú! Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ àtàwọn Aláàfin yòókù tí wọ́n sin sí Igbó Ọba ní Ìgbòho, ṣé inú ọ̀dá ni wọ́n ti jọba?

Àbúrò: Ẹrẹ̀ Gánà ò dárúkọ Ìgbòho. Àmọ́ àwọn onímọ̀ náà ní òjò Bosomtwe àti ti Sàhẹ́lì jọ ń pọ̀, wọ́n jọ ń dín ni, nítorí bí òkun Àtìláńtíìkì bá ṣe gbóná sí ló ń darí wọn. Wọ́n ní irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ lè padà wá, àti pé bí ayé ṣe ń gbóná yìí, ó lè le ju ti àtijọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n: Mi ò tíì dárí irin yẹn jì wọ́n. Ṣùgbọ́n nítorí ọ̀dá tó lè padà wá yìí, ẹ̀yin olùkọ́ Ìgbòho, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òṣùwọ̀n òjò sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yín, kí àwọn ọmọ wa máa kọ iye tó bá rọ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́.