Ta Ló Ni Etí Òkun?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí Ìfọ́n ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, gbé dání lọ sí Èkó, tí kò sì rí ibi tí yóò ti lò ó.

Ní ìgbà èwe rẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sí Odò Ọ̀sẹ́. Ọ̀nà náà kò tẹ́jú rárá. Gbòǹgbò igi a máa kọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, òkúta ibẹ̀ a sì máa yọ̀ bí ilá lásìkò òjò. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí í bi ọmọdé pé ta ni ó fún un láyè láti kọjá. Apẹja, apọnmi àti ẹni tí ó fẹ́ fọ aṣọ, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ará àdúgbò a yọ àdá, wọn a ro ọ̀nà náà, nítorí pé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá kọ̀ sílẹ̀, igbó ni í gbà á.

Nígbà tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀wọ̀, olùkọ́ jọ́gíráfì sọ fún wọn pé gúúsù ni omi Ọ̀sẹ́ ń ṣàn lọ, títí yóò fi dé ọ̀sà àti òkun. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn ọmọ náà ti ń tẹ̀lé omi lọ. Ní ọdún 1979, wọ́n kó wọn sínú bọ́ọ̀sì lọ wo Èkó, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí òkun ní Bar Beach. Ẹlẹ́ṣin wà níbẹ̀, ọlọ́jà wà níbẹ̀, àwọn Aládùúrà nínú aṣọ funfun ń gbàdúrà létí omi. Kò sí ẹni tí ó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ kan náà ni ìjọba ológun ti yìnbọn pa Ishola Oyenusi, ògbólógbòó adigunjalè, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1971. Ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: gbogbo èrò ni ó lè dé ibẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó fẹ́ fi Bar Beach han ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá. Kò sí Bar Beach mọ́. Ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè rí ọ̀nà wọ Èkó, ti dí yanrìn tí ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn lọ́nà. Òkun wá ń jẹ etí ilẹ̀ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi yanrìn kún omi, tí wọ́n mọ ògiri tuntun, tí ìlú Eko Atlantic sì hù sí ibi tí ẹlẹ́ṣin ti ń sáré. Ògiri náà ń dá omi padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi nìkan ni ó dá padà.

Bàbá àti ọmọ gba ìhà Lẹ́kí lọ, wọ́n ní àwọn yóò fi ẹsẹ̀ tọ etí omi. Ìrìn náà le. Yanrìn ń gbé ẹsẹ̀ wọn mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n fò kọjá ojú àgbàrá, wọ́n fi ọwọ́ àti eékún gun òkúta ńláńlá tí wọ́n kó ti ìgbì. Nígbà tí ó yá, wọ́n kan ọgbà tí ó na ọwọ́ wọ inú omi. Wọ́n yípo dé ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ kí bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì dárúkọ iye tí orí kọ̀ọ̀kan yóò san. Owó ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé nìkan ni ó kù lápò bàbá.

"Bàbá àgbà, ta ló ni òkun?"

Ẹni tí ó ti kọ́ ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé kò rí èsì fún ọmọ kan ṣoṣo.

Bí a bá ní kí a wá èsì náà nínú ìwé, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Òfin mìíràn ní ọdún 1993 sọ ilẹ̀ tí ó wà láàárín mítà 100 sí etí òkun ti ọdún 1967 di ti Ìjọba Àpapọ̀. Ìjọba méjì ń fa etí omi mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ wà láàárín wọn bí koríko lábẹ́ erin méjì. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní Tarkwa Bay. Ní ọdún 2024, nítorí ọ̀nà ńlá tí ń lọ láti Èkó sí Kàlàbà, a wó ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ etí òkun. Ariwo owó tí àwọn oníṣòwò pàdánù gba ìlú kan. Ta ni ó sọ̀rọ̀ ẹni tí ó kàn fẹ́ rìn kọjá? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní àwọn ọlọ́gbà tirẹ̀, àmọ́ òfin ọdún 2009 níbẹ̀ pàṣẹ pé kí a la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yí gbogbo etí òkun wọn ká.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde tí ó tẹ̀lé e, bàbá mú ọmọ náà lọ sí Ìfọ́n. Ó fẹ́ fi ibi tí kò sí géètì hàn án. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí omi ẹ̀rọ ti wọ àdúgbò, ẹsẹ̀ ti dín lójú ọ̀nà odò. Igbó ti bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá dúró díẹ̀, ó ń wo igbó. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan tí ó dí ọ̀nà yìí. Àwọn tí ó ni ín ni kò rìn ín mọ́.

Ó yá àdá lọ́wọ́ aládùúgbò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀nà. Ọmọ náà ń kó koríko sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń gbọ́ ohùn omi.